Ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ: kí ni ọjọ́ orí ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tá a wà ní Àbújá àti Òkè Ọya

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn ní Kubwa tàbí Mararaba, ohun tí ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni?" Bí wọ́n bá ní 72, wọ́n á kàn mirí. Bí wọ́n bá ní 38, ariwo á ta. Ìbéèrè náà dára, ohun tí à ń fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ni kò dára tó. Kò sí ọjọ́ orí tí ẹ̀jẹ̀ kò lè dà sí ènìyàn lọ́pọlọ, láti orí ọmọ tuntun dé orí arúgbó. Ohun tí ọjọ́ orí ń sọ ni ibi tó yẹ ká ti kọ́kọ́ wá ohun tó fà á, àti ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún kó tó dé.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ àti rọpárọsẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Rọpárọsẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá kan ọpọlọ, apá ibẹ̀ á sì kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Nínú èkejì, iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ tàbí sí àárín ọpọlọ àti awọ tó bò ó. Èkejì yìí là ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dà sábẹ́ egungun agbárí nítorí pé ènìyàn fi orí gbá nǹkan. A ó dé ibẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù jọ ní Nàìjíríà àti Ghana, wọ́n lé ní 2,000, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018. Nínú 100 wọn, bíi 32 ló jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ dídà. Nílẹ̀ àwọn òyìnbó, 10 sí 15 nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń rí. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tiwa sì jẹ́ 59, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbújá kò tíì fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, irú èyí tó ń pani kíákíá ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju tiwọn lọ, ó sì ń tètè dé.

Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun wo ojú aláìsàn, òun sì ti mọ irú èyí tó jẹ́, ẹ má gbà á gbọ́. Síkáànì CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló ń fi hàn.

Ṣé ọjọ́ orí nìkan tó láti fà á?

Ó ń fi kún ewu rẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí wọ́n kó èsì ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀ ní 2010, wọ́n fi àwọn ẹni ọdún 45 sí 54 ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn tí kò tíì pé 45 kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ewu tiwọn lọ. Àwọn tó ti kọjá 85 ní tiwọn ní ìlọ́po mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń gan, ó sì máa ń pàdánù rírọ̀ rẹ̀, bí rọ́bà tí oòrùn ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún: kò ní fẹ̀ mọ́, ṣe ló máa sán.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni ọdún 70 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (BP) ti wà ní 170 láti ìgbà tó ti jẹ́ ẹni 45 ti ní ọdún 25 tí ìfúnpá yẹn ti ń lu ògiri iṣan rẹ̀. Ọjọ́ orí là ń dá lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 25 tí a kò fi tọ́jú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nílẹ̀ wa, nítorí náà bí ewu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá tilẹ̀ kéré, àpapọ̀ àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe kékeré.

Ọmọ ọdún 36 ni mí, mò ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, mi ò ṣàìsàn rí. Kí ló kàn mí?

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn? "Mi ò ṣàìsàn rí" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ túmọ̀ sí pé wọn ò tíì wọ̀n ọ́n rí ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ni lórí, kì í dáni lóró, àfi ìgbà tó bá ti ba nǹkan jẹ́. Tí wọ́n bá sì rí i lára ẹni tí kò tíì pé 40, kò yẹ kí dókítà kàn kọ òògùn kó ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ó yẹ kó wo kíndìnrín, kó wo iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, kó sì wo ẹṣẹ́ (gland) tó wà lórí kíndìnrín, nítorí pé ní ọjọ́ orí yẹn nǹkan mìíràn lè wà lábẹ́ rẹ̀ tí a lè wò sàn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan wà tí wọ́n bí mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò tò bó ṣe yẹ nínú ọpọlọ, tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn àti èyí tó ń gbé e padà lọ́ mọ́ra wọn. Dókítà ń pè é ní AVM. Ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí di ogún tàbí ogójì ọdún kó tó bẹ́. Lára ẹlòmíràn, wárápá tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti dàgbà ló máa kọ́kọ́ fi ara hàn. Nínú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ìfúnpá wọn dára, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sí lọ́pọlọ láìgbá orí, èyí ni dókítà máa ń kọ́kọ́ wá.

Òmíràn ni aneurysm, níbi tí ògiri iṣan ti tinrín tó sì wú síta. Láàárín ọdún 40 sí 60 ló sábà máa ń bẹ́, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́ tó dé lójijì, tó le ju gbogbo èyí tí ènìyàn ti ní rí, tó sì dé òtéńté rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Panadol.

Ọ̀rọ̀ òògùn olóró náà wà níbẹ̀. Kokéènì àti èyí tí wọ́n ń pè ní mkpuru mmiri máa ń gbé ìfúnpá lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan ọ̀dọ́ tí kò ní àìsàn kankan lè bẹ́ níbẹ̀. Ọtí àmupara lópin ọ̀sẹ̀ náà kò jìnnà sí i.

Ẹ wo oúnjẹ náà. Nínú ìwádìí SIREN, jíjẹ ẹran déédéé, àìjẹ ẹ̀fọ́ àti àìṣe eré ìdárayá wà lára ohun tó bá ẹ̀jẹ̀ dídà rìn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tọ́ dàgbà á dé Àbújá, á máa ti iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn súnkẹrẹ fàkẹrẹ Nyanya, á ra súyà, á sì jẹ Indomie lé e. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ súyà. Ẹ má fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ojoojúmọ́ ni.

Ìyàwó mi lóyún, wọ́n ní ìfúnpá rẹ̀ ń gòkè. Ṣé ìyẹn náà lè kan ọpọlọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìfúnpá tó gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, pàápàá tí purotéènì bá wà nínú ìtọ̀, lè di gìrì aboyún, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ obìnrin ọdún 22 tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Tó bá ti dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, ìrora lókè ikùn lápá ọ̀tún: gbogbo rẹ̀ ló ń pe dókítà.

Ohun tí àwọn ọkọ kì í mọ̀ ni pé ewu náà kì í parí lọ́jọ́ tí ìyá bá bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ṣì wà nínú rẹ̀. Ní agbègbè Zaria àti Kánò, àṣà kan wà tí wọ́n fi ń fún ìyá ọmọ ní kunu tí wọ́n fi kán-ún sí fún ogójì ọjọ́, àwọn ará wa tó ti pẹ́ níbẹ̀ náà sì ti ń ṣe é. Kán-ún kún fún sódíọ̀mù, èròjà kan náà tó wà nínú iyọ̀. Obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ gòkè nígbà oyún kò yẹ kó mu ún, bó ti wù kí àwọn aládùúgbò rọ̀ ọ́ tó.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Kí ló máa mú ẹ̀jẹ̀ dà sí ọmọ ọjọ́ mélòó kan lọ́pọlọ?

Ọ̀nà méjì ló ṣe pàtàkì. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, pàápàá tí wọ́n bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, ní àwọn iṣan tín-ín-rín kan nínú ọpọlọ tí kò tíì gbó. Ìyípadà díẹ̀ nínú ìfúnpá tàbí èémí rẹ̀ lè bẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti lè fi síkáànì gba àwùjẹ̀ rẹ̀ wo orí rẹ̀.

Èkejì ni àìtó fítámì K. Gbogbo ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lára, wàrà ọmú kò sì ní púpọ̀. Láìsí i, ẹ̀jẹ̀ kì í dì. Abẹ́rẹ́ kan péré, mílígíráàmù 1, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ń dènà rẹ̀. Ẹni tó bímọ sílé tàbí sí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní Suleja tàbí Karu, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ yìí kẹ́ ẹ tó dá abẹ́ fún ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ dídà tí àìtó fítámì K ń fà lè pẹ́ kó tó yọjú, láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé oṣù kẹfà, ọpọlọ ló sì sábà máa ń kọlù nígbà yẹn. Tí ìyá bá ń lo òògùn wárápá tàbí rifampicin fún ikọ́ ife, ó ní láti sọ fún àwọn tó ń gbẹ̀bí rẹ̀, nítorí pé ó lè tètè mú un dé.

Àmì rẹ̀: àwùjẹ̀ tó wú sókè tó sì le, ọmọ tí kò fa ọmú mọ́, gìrì, ara tó funfun, igbe tó ń han ganran-ganran. Ẹ má sì ṣe máa mi ọmọ ọwọ́ jìgìjìgì nítorí pé ó ń ké. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó, àwọn iṣan tó so ọpọlọ mọ́ awọ tó bò ó lè já.

Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ń ṣe wọ́n. Èwo nínú méjèèjì ni?

Níbí ni ọjọ́ orí ti yí ọ̀rọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ya èmi pàápàá lẹ́nu. Nígbà tí ọmọ SS wà ní kékeré, láàárín ọdún 2 sí 9, iṣan dídí ló sábà máa ń jẹ́. Nígbà tó bá di ẹni 20 sí 29, ẹ̀jẹ̀ dídà ló máa ń ga jù. Ìdí kan ni pé iṣan tó ti ń dí láti kékeré ti mú kí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ aláìlágbára hù yí i ká, àwọn yẹn ló sì ń bẹ́ nígbà tó yá.

Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ní ẹ̀bá etí, TCD, láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ, fún àwọn ọmọ SS láti ọdún 2 sí 16. Kánò àti Kàdúná wà lára ibi tí wọ́n ti lò ó nínú ìwádìí ńlá lórí bí òògùn hydroxyurea ṣe lè dènà rọpárọsẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní kílíníìkì.

Fún ọmọkùnrin tí kì í ṣe SS, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lọ́jọ́ tí wọ́n dá abẹ́ fún un, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń wú lẹ́yìn ìṣubú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ó ní haemophilia, àìsàn àbímọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa. Ẹni tó bá ní in, kó fi orí gbá ilẹ̀ díẹ̀ báyìí lè tó.

Mo ti lé ní 50. Mò ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfúnpá mi sì ti wálẹ̀ sí 128. Ṣé mo lè sinmi òògùn?

Òògùn náà ló gbé e wálẹ̀. Ẹ bá dá a dúró, á padà síbi tó wà.

Láàárín ọdún 40 sí 65, ẹ̀jẹ̀ ríru ni baba gbogbo ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà. Nínú ìwádìí SIREN, ìṣirò fi hàn pé ká ní kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rọpárọsẹ̀ wọ̀nyẹn ni kì bá ṣẹlẹ̀. Ibi tó ń bẹ́ sí kò ṣèèṣì. Àwọn iṣan kéékèèké kan wà tó yà tààrà lára iṣan ńlá, tí wọ́n gún wọ inú ọpọlọ lọ́hùn-ún. Ìfúnpá ńlá ló ń já lé wọn lórí láìsí ohun tó ń dín in kù lójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ògiri wọn á rọ, á bẹ́. Nítorí náà nígbà tí dókítà bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ́hùn-ún lórí síkáànì ẹni ọdún 52, ìfúnpá ló kọ́kọ́ ń fura sí.

Ohun mẹ́ta ló ń da òògùn àwọn ará wa rú níhìn-ín. Owó ni àkọ́kọ́: òògùn tán lọ́jọ́ 20, owó oṣù di ọjọ́ 28. Ẹ sọ fún dókítà yín gbangba pé èyí tó kọ ti wọ́n jù. Amlodipine àti àwọn òògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ wà tí owó wọn kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ìrìn àjò ni èkejì: ẹ lọ sí Ọ̀fà fún ìsìnkú, ẹ gbàgbé òògùn sí Lugbe, ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ẹ̀kẹta ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ọ̀pọ̀ òògùn ìfúnpá ló jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, a lè lò ó nígbà sààrì tàbí nígbà ìṣínu. Ẹ bá dókítà ṣètò rẹ̀ kí oṣù tó lé. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti yan láàárín ààwẹ̀ àti òògùn láìbéèrè.

Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀. Òtútù máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, ìfúnpá á sì gòkè díẹ̀. Ẹni tó ń gbé Jos mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ wọ aṣọ òtútù, kẹ́ ẹ sì máa wọn ìfúnpá yín léraléra láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì.

Màmá wa, ẹni ọdún 74, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ. Wọ́n yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kàn ń sọ ìsọkúsọ. Ṣé ọjọ́ ogbó ni?

Ẹ gbé wọn lọ ṣe síkáànì lónìí. Nínú gbogbo ìbéèrè ojú ewé yìí, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí pé òun ló rọrùn láti wò sàn jù, òun sì ni àwọn ènìyàn ń fi sílẹ̀ jù.

Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ọpọlọ máa ń súnkì díẹ̀díẹ̀. Ààyè á wá ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti agbárí, àwọn iṣan tó so ọpọlọ mọ́ awọ tó bò ó á wá nà tan-tan. Ìgbá díẹ̀ lásán á já ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ṣe ló ń rọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn oṣù kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọpọlọ. Nígbà yẹn gbogbo ilé ti gbàgbé ìṣubú náà. Ìyá á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, á máa tọ̀ sára, á máa pe ọmọ ọmọ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Àwọn kan á ní arúgbó ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn á ní ìyá ń jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á wá di ti àjẹ́. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, inú kò ṣe é bí jù.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ń ṣe sí i kò le rárá: wọ́n á lu ihò kékeré kan tàbí méjì sí agbárí, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ tó ti di omi dúdú náà jáde. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní sùn pátápátá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ arúgbó ló ń padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọtí mímu fún ọdún pípẹ́ náà ń mú ọpọlọ súnkì, nítorí náà ọkùnrin ọdún 55 tó jẹ́ ọ̀mùtí lè ní irú èyí bí ẹni ọdún 75. Ní ti ilé yín, ẹ tẹ́ nǹkan tí kì í yọ̀ sí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ẹ fi ohun ìdìmú sára ògiri, kẹ́ ẹ sì tan iná sí ọ̀nà rẹ̀ lóru. Tí NEPA bá mú iná, kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn.

Bàbá mi, ẹni 78, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ṣì sọ pé ẹ̀jẹ̀ dà sí wọn lọ́pọlọ. Báwo?

Lẹ́yìn ọdún 60, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní amyloid lè máa kó jọ sínú ògiri àwọn iṣan tó wà lẹ́bàá òkè ọpọlọ. Ògiri náà á wá di aláìlágbára. Nígbà tó bá bẹ́, ẹ̀bá òkè ni ẹ̀jẹ̀ máa wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń padà wá, ìgbàgbé sì máa ń bá a rìn. Kò tíì sí òògùn tó ń yọ amyloid yìí kúrò lára iṣan. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni láti má ṣe jẹ́ kí ìfúnpá gòkè rárá àti láti ṣọ́ra fún òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ ní òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣé aspirin wà níbẹ̀? Gbogbo àgbà ilé wa ló ń lò ó.

Ó wà níbẹ̀. Ìwádìí ASPREE tó jáde ní 2018 wo àwọn àgbà tó lé ní 19,000 ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń lo aspirin kékeré lójoojúmọ́ nítorí ìdènà, kò rí èrè gidi kan, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára wọn ju àwọn tí kò lò ó lọ, títí kan inú agbárí. Nítorí náà ẹni ọdún 75 tó kàn lọ ra aspirin ní kẹ́míìsì nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí ń lò ó, kó bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ oníṣan dídí rí, tí dókítà sì kọ ọ́ fún, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ohun tó kà níbí. Bákan náà ni warfarin, òun náà jẹ́ òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ó nílò àyẹ̀wò INR, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, léraléra, àgbo àti àwọn òògùn ajẹ́bíákítéríà kan sì lè sọ ọ́ di líle jù lára. Ara àgbà kì í tètè lé òògùn jáde bíi ti ọ̀dọ́, kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀.

Ọ̀kadà gbá àbúrò mi ní Gwagwalada. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀, ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kò mọ ara rẹ̀ mọ́.

Ti ọ̀dọ́ nìyí pátápátá. Egungun ẹ̀gbẹ́ orí sán, ó sì gé iṣan ńlá tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ ń kún láàárín egungun àti awọ tó bo ọpọlọ. Kì í ṣẹlẹ̀ sí arúgbó tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé lára wọn awọ náà ti lẹ̀ mọ́ egungun pinpin. Wákàtí tí ó fi ń sọ̀rọ̀ yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá dákú lórí ọ̀kadà, bó ti wù kó kúrú tó, kó má lọ sílé sùn. Ẹ dé akoto.

Ejò náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé ejò lè fa èyí.

Ó lè fà á, Òkè Ọya sì ni ibi tó yẹ ká ti sọ ọ́. Ejò kan wà nínú pápá, irú paramọ́lẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní carpet viper, tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Àgbẹ̀, darandaran àti ọmọdé tó ń lọ sóko ló sábà máa ń ṣán. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ púpọ̀ ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe. Dókítà á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, á dúró fún ìṣẹ́jú 20. Tí kò bá dì, aláìsàn nílò abẹ́rẹ́ apa-oró ejò. Bí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹni tí ejò ṣán, ọpọlọ lè ti wà nínú ewu. Gbẹ́rẹ́ sísín lójú ibi tó ṣán án kò dára rárá, ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì lẹ tún ń ṣí ọ̀nà fún.

Àwọn ẹbí ní wọ́n nà án ní ẹ̀gbà ni. Ṣé ká kọ́kọ́ lọ sí ilé àdúrà?

Ẹ ṣe síkáànì ná. Àlùfáà tàbí pásítọ̀ lè bá yín dé ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó ní kó má gbàdúrà níbẹ̀.

Tó bá ṣẹlẹ̀ nísinsin yìí, kí ni ká ṣe?

Ẹ wo aago, kẹ́ ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ojú tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó lọ́, èébì pẹ̀lú orí fífọ́ òjijì, gìrì tàbí dídákú: èyíkéyìí tó. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa sé e lọ́nà ọ̀fun. Ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu: epo pupa kọ́, àgbo kọ́, omi pàápàá kọ́. Ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ má fún un ní òògùn ìfúnpá ìlọ́po méjì.

Ẹ pe 112, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀ lọ́wọ́ kan náà. Lára àwọn tí wọ́n bá ṣe síkáànì fún kíákíá, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣì máa ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ kìíní, àwọn wákàtí àkọ́kọ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù. Ní Àbújá, National Hospital, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada àti Federal Medical Centre Jabi ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ. Ní Kánò, Aminu Kano. Ní Zaria, Shika. Ní Jos, JUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí ẹnì kan fi fóònù bèèrè bóyá síkáànì wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ mú àpò òògùn rẹ̀ dání, ẹ mú káàdì ìbánigbófò ìlera rẹ̀ tó bá ní. Tí ẹ bá ń gbé Mararaba, tó sì jẹ́ aago méje àárọ̀, ẹ má ronú pé ẹ máa tètè kọjá Nyanya. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù tó lè mú ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá sí 140, lẹ máa kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n wá fi áńbúláǹsì gbé e lọ.

Ṣé ọ̀dọ́ máa ń yè é ju àgbà lọ?

Lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń sọ bó ṣe máa rí, dídé ọdún 80 ń fi àmì kan kún ewu ikú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ibi tó wà, àti bóyá aláìsàn ṣì ń lajú ló wúwo jù. Bíi 40 nínú 100 ló ń kú láàárín oṣù kan. Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn: agbárí ọ̀dọ́ kún, kò sí ààyè nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè tẹ ọpọlọ rẹ̀ pa kíákíá. Nínú agbárí arúgbó, ààyè díẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi yẹ kó sọ pé, "Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ á gbé e," kó sì jókòó.

Bàbá wa yè é ní ẹni ọdún 58. Ṣé ó lè padà wá, àti pé àwa ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Ó lè padà wá. Ìfúnpá ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Nínú ìwádìí PROGRESS tó jáde ní 2001, àwọn tó ti ní rọpárọsẹ̀ tí wọ́n sì lo òògùn ìfúnpá rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídà dín kù ní ìdajì. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ibi tí à ń lé bàbá sí kò ju 130/80 lọ, kì í ṣe 140/90 tí ọ̀pọ̀ ń sọ. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọnfúnpá sílé, kẹ́ ẹ sì máa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé kan.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ, ìtàn ìdílé wà lára ohun tí SIREN rí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dídà rìn. Tó bá jẹ́ aneurysm ni ti bàbá, tí ẹlòmíràn tó jẹ́ òbí tàbí ọmọ ìyá yín sì ti ní in, ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n fi síkáànì wo iṣan ọpọlọ tiyín náà. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí gbogbo yín wọn ìfúnpá lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì tún máa wọ̀n ọ́n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, títí kan àbíkẹ́yìn tó wà ní yunifásítì ní Zaria.